Nígbà tí másùnmáwo bá wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí ọkàn tọkọtaya ṣe so pọ̀

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn lọ́kọláya sábà máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀nà tí ọkàn èèyàn gbà so mọ́ ẹlòmíì láti kékeré ló ń hàn nínú ìjà tí wọ́n ń jà nítorí owó, iṣẹ́ àti àìsàn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá kàn yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní irú ìsopọ̀ ọkàn?

Nígbà tí ẹ̀rù bá bà yín gan-an, ta lẹ máa ń sá tọ̀? Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí lẹ máa ń retí: pé yóò gbà yín mọ́ra ni, pé yóò yẹ̀ yín sílẹ̀ ni, àbí pé ẹ gbọ́dọ̀ pariwo kó tó gbọ́? Ìdáhùn yín sí ìbéèrè yìí, èyí tí ara ti mọ̀ kí ẹnu tó lè sọ ọ́, ni irú ìsopọ̀ ọkàn yín.

John Bowlby, dókítà ọpọlọ ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Tavistock ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fìdí ìmọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n bí i ní 1907 sí ilé olówó, níbi tó jẹ́ pé olùtọ́jú ọmọ ló ń gbé e ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 4, olùtọ́jú tó fẹ́ràn jù lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àròdùn náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà láyé ìgbà yẹn ni pé oúnjẹ tí ìyá ń fún ọmọ ló ń mú kí ọmọ so mọ́ ọn. Bowlby ní rárá, ààbò ni ọmọ ń wá. Bí ọkàn ọmọ bá balẹ̀, yóò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣeré. Bí nǹkan bá já a láyà, yóò sáré padà. Ìwé ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1969. Bowlby tún sọ pé láti orí ìtẹ́ ọmọ títí dé ibojì ni èèyàn ń ṣe báyìí. Bí a bá ti dàgbà, ọkọ tàbí aya ló sábà máa ń gba ipò ẹni tí à ń sá tọ̀.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí ohun tí Bowlby ń sọ. Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Uganda ní 1954. Ó ń wọ ilé àwọn ìyá Ganda ní àwọn abúlé tó wà lágbègbè Kampala, ó ń wo bí ọmọ ṣe ń sunkún, bó ṣe ń rá lọ tó tún ń bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, àti bí ìyá ṣe ń dá a lóhùn. Ní 1967 ló tẹ ìwé jáde lórí ohun tó rí. Ìwádìí tó ṣe ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń wo ohun tí ọmọ ń ṣe bí ìyá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àlejò fún ìgbà díẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, lẹ́yìn ti Uganda ló wáyé.

Ní 1977, Robert Marvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ láàárín àwọn Hausa ní àríwá Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ọmọ lè so mọ́ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ìyá nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà ní ẹnì kan tí ó máa ń dì mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nínú agbo ilé tí èyí máa yà lẹ́nu. Heidi Keller, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ láàárín àwọn Nso ní Cameroon, tilẹ̀ ta ko ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ yìí: ó ní ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ àlejò lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé tirẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí nǹkan ń ṣe. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fi òṣùwọ̀n Baltimore wọn ẹni tí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá àti ìyàwó ilé jọ tọ́ dàgbà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n tọ́ báyìí náà ní ibi tó ń sá sí nígbà ìdààmú.

Irú mélòó ló wà?

Cindy Hazan àti Phillip Shaver, tí wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1987, tẹ ìbéèrè kan sínú ìwé ìròyìn ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí òǹkàwé mú èyí tó bá bí ó ṣe ń ṣe nínú ìfẹ́ mu jù lọ. Nínú èsì 620 tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ìdá 56 nínú 100 ló ní ọkàn àwọn máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ olólùfẹ́. Ìdá 25 ní àwọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ àwọn jù. Ìdá 19 ní ẹ̀rù máa ń ba àwọn pé olólùfẹ́ àwọn lè fi àwọn sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti kúrò nídìí pípín èèyàn sí àpótí mẹ́ta báyẹn. Láti 1998, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n: báwo ni ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú èèyàn, báwo ló sì ṣe máa ń fà sẹ́yìn tó bí ẹlòmíì bá sún mọ́ ọn. Gbogbo wa la ní díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹni tí méjèèjì bá kéré lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí méjèèjì bá ga lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n di òun mú, ó sì tún ń bẹ̀rù ẹni tó fẹ́ di òun mú. Òun ni ìgbéyàwó máa ń rẹ̀ jù.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá le ló ń hàn?

Nítorí pé ẹ̀rù ló ń jí i. Lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, tí ara àwọn ọmọ dá, tí iná wà, ẹ ò lè mọ̀ yàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fà sẹ́yìn àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ máa rẹ́rìn-ín.

Jeffry Simpson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1992. Tọkọtaya 83 tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà ni wọ́n pè. Wọ́n mú ọmọbìnrin lọ wo yàrá dúdú kan tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ohun kan tó máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un níbẹ̀. Wọ́n wá ní ẹ̀rọ náà ò tíì ṣe tán, kó lọ dúró pẹ̀lú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi ya fídíò àwọn méjèèjì láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un rárá. Ìṣẹ́jú 5 yẹn gan-an ni ìwádìí náà.

Bí ẹ̀rù ṣe ń pọ̀ sí i lọ́kàn ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó, tó ń sọ ọ́ jáde. Ẹni tó máa ń fà sẹ́yìn ṣe òdìkejì: bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ló ń yẹra, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ti àwọn ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù ọmọbìnrin ṣe ń pọ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ń tù ú lára tó. Ẹni tó máa ń fà sẹ́yìn kò ní ṣòro rárá bí ẹ̀rù náà bá kéré, ìgbà tó bá pọ̀ ni kì í sí lárọ̀ọ́wọ́tó.

Èyí ló fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń sọ pé "mo mọ ọkọ mi, ọdún 3 la fi fẹ́ra sọ́nà." Bí nǹkan ò bá le lọ́dún 3 yẹn, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lẹ máa tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló mọ ara wọn tuntun lẹ́yìn oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ tí ìṣòro owó bá dé. Á wọ yàrá, á máa wo bọ́ọ̀lù. Ṣé kò bìkítà ni?

Ó ṣeé ṣe kó bìkítà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn ti kọ́ láti kékeré pé bí òun bá sunkún, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, tàbí pé ẹkún náà gan-an ló máa fa ìbáwí. Ó wá kọ́ láti pa ohùn náà kó tó jáde. Ní 1992, Mary Dozier àti Roger Kobak wọn òógùn ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n léèrè nípa ìgbà tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn. Àwọn tó ń fi ẹnu sọ pé kò sí ohun tó ṣe àwọn ni òógùn ọwọ́ wọn ń pọ̀ sí i. Ojú wọn tutù, ara wọn ò tutù.

Nílé wa, a tún máa ń dá kún un fún wọn. "Ọkùnrin kì í sunkún." "Ṣe bí ọkùnrin." Ọmọ tí wọ́n fi èyí tọ́ dàgbà, tí wọ́n wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó tú ọkàn rẹ̀ síta níwájú ìyàwó rẹ̀, ibo ni yóò ti mú un? Ká má sì purọ́: àwọn obìnrin tó ń fà sẹ́yìn náà pọ̀, àgàgà àkọ́bí tó ti ń tọ́jú àbúrò láti ọmọ ọdún 8. A kàn máa ń pè wọ́n ní akíkanjú ni.

Kí lẹ lè ṣe? Simpson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún rí i ní 2007 pé ọ̀rọ̀ ìtùnú tó wọni lára ló ń mú ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tutù, àmọ́ ẹni tí ó ti kọ́ láti má gbára lé ẹnikẹ́ni, ìrànlọ́wọ́ tó ṣeé fi ọwọ́ mú ló ń tù ú lára. Nítorí náà, dípò "kí lò ń fi pa mọ́ fún mi?", ẹ lè sọ pé: "Bàbá Tóbi, mo ti pe àwọn ilé ìwé, wọ́n gbà ká san án lẹ́ẹ̀mejì." Ìyẹn á wọlé sí i lára ju ìbéèrè 10 lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sọ ìgbà, kí ẹ sì sọ ibi tí yóò parí sí: "Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọ̀rọ̀ owó ilé nìkan." Ẹni tó ń fà sẹ́yìn lè fara da ọ̀rọ̀ tó bá mọ ibi tó máa dúró sí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló ń fà sẹ́yìn o. Ẹlòmíì ti rẹ̀ ni. Ẹlòmíì sì ní ohun tó ń fi pa mọ́ lóòótọ́.

Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn. Tí mi ò bá gbé fóònù, á pè mí láìmọye ìgbà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kàn mí. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ ò dá wà. Ní oṣù Kẹta 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà pé wọn ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, òfin tó fara jọ ọ́ sì ti kan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù Kìíní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó yẹ kó jọ kó ẹrù ni wọ́n ń fi fóònù ṣe ìgbéyàwó báyìí.

Ẹni tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà máa ń gbé ohùn sókè nígbà ìdààmú, nítorí pé nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n lè tètè dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó kọ́ ni pé ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀sùn tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yẹn, ẹ̀rù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀sùn ni etí yín ń gbọ́, ẹ̀yin náà á wá pa fóònù, ẹ̀rù rẹ̀ á sì di òótọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kó mọ ìgbà tí yóò gbọ́ ohùn yín. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ sọ fún un ṣáájú: "Mo máa wọṣẹ́ ní aago 8, mi ò ní lè gbé fóònù, màá pè ẹ́ ní aago 8 àárọ̀ kí n tó sùn." Kí ẹ sì pè é lóòótọ́. Ìlérí kékeré tí ẹ mú ṣẹ lójoojúmọ́ sàn ju owó ńlá tí ẹ fi ránṣẹ́ lópin oṣù pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá ilé tó wà ní Ìbàdàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó sọ ẹ̀rù náà bó ṣe rí, "àárò yín sọ mí, àyà mi já nígbà tí ẹ ò gbé e," kó tó di ẹ̀sùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀kan ń lé, èkejì ń sá. Ta ló jẹ̀bi?

Àwọn méjèèjì ń sá fún ohun kan náà. Bí ẹni tó ń lé bá dúró, ẹni tó ń sá kì í pẹ́ kó tó bojú wẹ̀yìn. Bí ẹni tó ń sá bá yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń lé á rọra. Ẹ má dúró de èkejì kó kọ́kọ́ ṣe é.

Kí ló túmọ̀ sí pé kí tọkọtaya jọ gbé másùnmáwo?

Guy Bodenmann, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Zurich ní Switzerland, ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èyí láti nǹkan bí 1990. Ohun tó mú lójú nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ní ìṣòro kéékèèké tó ń ti ìta wọlé, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ọ̀gá tó ń fìyà jẹni àti gbèsè, ló máa ń jẹ ìgbéyàwó díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ ò jà nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ jà nítorí abọ́ tí ẹnì kan ò fọ̀.

Ó ní ohun rere mẹ́ta ni tọkọtaya lè ṣe. Ọ̀kan lè gbárùkù ti èkejì, kó tẹ́tí, kó fi í lọ́kàn balẹ̀, kó jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ náà lójú mìíràn. Ọ̀kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì tí èkejì bá ní kó gbà á: "Ẹ bá mi lọ gbé àwọn ọmọ lónìí, ó ti rẹ̀ mí." Tàbí kí àwọn méjèèjì kà á sí ìṣòro àwọn méjèèjì, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣòro jù fún ẹni tó ń fà sẹ́yìn, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gbà ná pé ìṣòro wà.

Ìrànlọ́wọ́ burúkú náà wà. Ẹlòmíì á ran aya rẹ̀ lọ́wọ́ tòun ti yẹ̀yẹ́. Ẹlòmíì á ṣe é, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kó hàn pé ìnira ló jẹ́ fún òun. Ẹlòmíì á máa sọ "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́" tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù. Ní tèmi, ìkẹta ló wọ́pọ̀ jù nílé wa, nítorí pé "ẹ pẹ̀lẹ́" ti yọ́ lẹ́nu wa débi pé a lè sọ ọ́ láìgbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Nínú ẹ̀kọ́ tí Bodenmann ń kọ́ àwọn tọkọtaya, ohun kan wà tí ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ẹnì kan á sọ ohun kan tó ni í lára láti ìta, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnìkejì o, fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹnìkejì ò ní gbani nímọ̀ràn, á máa gbọ́, á máa béèrè pé "kí ló dùn ọ́ jù níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ó ní bí ìṣẹ́jú 10 láti gbà á níyànjú. Ní ìparí, ẹni tó sọ̀rọ̀ á fi bí ìṣẹ́jú 5 sọ èyí tó ràn án lọ́wọ́ gan-an àti èyí tí kò ràn án. Apá tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ wa ń ran ẹnìkejì wa lọ́wọ́ lọ́nà tí àwa fúnra wa fẹ́ kí wọ́n gbà ràn wá lọ́wọ́, a ò sì bi í léèrè rí.

Ṣé dídi ara ẹni lọ́wọ́ mú lè ṣe nǹkan kan?

Ó lè ṣe é. Ní 2006, James Coan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi obìnrin 16 tó wà nílé ọkọ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní iná mànàmáná lè gbá wọn díẹ̀. Nígbà tí ọkọ di ọwọ́ wọn mú, àwọn apá ọpọlọ tó ń dáhùn sí ewu rọlẹ̀ ju ìgbà tí àjèjì dì í mú lọ. Bí ìgbéyàwó bá sì ṣe dára tó ni ọwọ́ ọkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Àwọn ẹbí ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́ gbogbo ìṣòro ilé wa.

Àwọn ará Switzerland tí Bodenmann ń wò kì í sábà bá ìyá ọkọ gbé. Lọ́dọ̀ wa, kò burú kí èèyàn ní ju ẹnì kan lọ tó lè sá tọ̀. Ìwádìí ti àwọn Hausa ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ọkọ bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, tàbí aya níwájú pásítọ̀, yóò ti rí ìtura kó tó délé. Ẹnìkejì ò ní rí nǹkan kan bí kò ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ fún Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lórí ibùsùn yín ti gbọ́ ọ ṣáájú.

Ṣé irú ìsopọ̀ ọkàn lè yí padà?

Ó lè yí. Kò yára, àmọ́ kì í ṣe àmì ìbí. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn tó bá ti bá ẹni tó ṣeé gbára lé gbé fún ọdún mélòó kan sábà máa ń rọ̀. Sue Johnson, tó kú ní 2024, gbé ọ̀nà ìtọ́jú tọkọtaya kan kalẹ̀ pẹ̀lú Leslie Greenberg ní Canada láàárín 1980 sí 1989, tó dá lórí ríran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ láti sọ ẹ̀rù tó wà lábẹ́ ìbínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti ṣe àtìlẹyìn fún ọ̀nà náà.

Ohun tí kì í yí i padà ni kí ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ bú ara yín. Mo ti gbọ́ "afàsẹ́yìn ni ẹ́, mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì" nínú ìjà tó pọ̀. Ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà, irú ìsopọ̀ ọkàn kì í sì í ṣe àìsàn.

Ọkọ mi máa ń lù mí tí inú bá bí i. Ṣé ìwà ìgbà èwe ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?

Ohun yòówù tó lè máa yọ ọ́ lẹ́nu, ààbò yín ló ṣáájú. Ẹ má lo ohunkóhun lójú ìwé yìí láti fi fara da lílù, ẹ má sì jókòó ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bà yín lẹ́rù. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lè sùn láìséwu, ẹ sọ fún ẹnì kan tó dá yín lójú. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé, tí wọ́n ń pè ní DSVA, máa ń gba irú ẹjọ́ yìí láìgba owó. Bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí ìwé ìgbélùú yín sì wà lábẹ́ ti ọkọ, ẹ bi agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú léèrè kí ẹ tó gbà pé dandan ni kí ẹ dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní àyè fún ọ̀pọ̀ nínú ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń hùwà ipá sí.